Ohùn Múráínà Lójú Ọ̀nà Ìyìn

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó yáa pè mí báyìí kí n tó bẹ̀rẹ̀. N kò mu ọtí, n kì í mu igbó, ojú mi sì dá ṣáṣá lọ́jọ́ náà. Ọ̀sán ni, kì í ṣe òru. Ẹ súnmọ́ mi kí ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni, nítorí mo ṣì ń wá iṣẹ́ ní Adó yìí.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ akérò kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń tọ́jú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù àwọn bọ́ọ̀sì wa. Àpótí yìí ò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù. Ọkọ̀ kan á gba ọ̀rọ̀, á fún èkejì, èkejì á fún ẹ̀kẹta, títí ọ̀rọ̀ á fi dé ọ́fíìsì. Bí kò bá sí ọkọ̀ nítòsí, àpótí á gbé ọ̀rọ̀ náà mọ́ra títí yóò fi pàdé òmíràn. Ṣé ẹ mọ bí ẹ ṣe máa ń fi ẹrù rán dẹ́rẹ́bà sí ìyá yín ní Ìyìn? Bẹ́ẹ̀ náà ni. Bí dẹ́rẹ́bà bá sì wà nínú wàhálà, á tẹ bọ́tìnnì pupa, á sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa ti ọkọ̀ dé ọkọ̀.

Ó dáa bẹ́ẹ̀, àbí? Ó dáa títí ọ̀gá wa fi ra bọ́ọ̀sì tuntun, àwọn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ó ní ariwo àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ti pọ̀ jù nínú àpótí, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwọn tuntun tètè dé. Ló bá pe ẹnjiníà kan wá láti Abùjá. Ìyẹn tún àpótí àwọn ọkọ̀ tuntun ṣe, kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn àtijọ́ mọ́.

Mo bi í pé, "Ọ̀gá, bí ọkọ̀ àtijọ́ bá wá há sójú ọ̀nà ńkọ́?"

"Ṣé wọn ò ní fóònù ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, ẹ̀rín yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Ọkọ̀ àtijọ́ ni Múráínà ń wà. Ọmọ Ìyìn ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, ó sì mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ń rọ̀, òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀, ló bá já sí kòtò jíjìn kan lọ́nà Ìyìn, níbi tí fóònù kì í ti í ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rí i. Ó ti kú.

Ọ̀gá sọ fún ìyàwó Múráínà pé oorun ló gbé e lọ nídìí ọkọ̀. Ó ní kò tilẹ̀ tẹ bọ́tìnnì, ojú ẹsẹ̀ ló kú. Ọ̀rọ̀ oorun yẹn gba gbogbo àdúgbò kan. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, àwọn mìíràn tiẹ̀ fi ń dápàárá. Ìyá Sádíà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìwó tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba, á wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ Jímọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò pè yín lóòótọ́?" Kò sẹ́ni tó ń dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ wá kàn mí. Èmi àti Sádíkù, tó ń wa ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì tuntun, lọ sọ́nà Ìyìn láti dán àpótí rẹ̀ wò. Àwa méjì péré ló wà nínú ọkọ̀. Òjò ti ṣú. Bí a ṣe dé ibi kòtò yẹn, àpótí dún: tíì, tíì. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn tí ọkọ̀ wa kan bá wà nítòsí.

Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Kò sí ọkọ̀ kankan.

Mo wo ojú àpótí. Nọ́ńbà ọkọ̀ Múráínà ló wà níbẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ọkọ̀ yẹn ti di irin jákujàku lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tú àpótí rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ́fíìsì ló wà, kò sí iná tó ń wọ inú rẹ̀.

Lábẹ́ nọ́ńbà náà, ó hàn pé àpótí wa ò gba ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn. Ohun tí ẹnjiníà ní kó máa ṣe ló ń ṣe. Síbẹ̀, ohùn jáde.

"Sádíkù, mo rí uná ọkọ̀ rẹ. O tún kọjá."

Uná ló pe iná, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe ń pè é. Ohùn Múráínà ni. À ń gbọ́ òjò lẹ́yìn ohùn náà, bẹ́ẹ̀ òjò ò tí ì bẹ̀rẹ̀ níta.

Sádíkù tẹ búréèkì. Ó rọra sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Mo kọjá níbí lọ́jọ́ náà. Mo fi Kùránì búra, nǹkan kan ò dún nínú ọkọ̀ mi."

Mo sọ fún un pé, "Mo mọ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ."

Sádíkù ní, "Gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀. Jọ̀ọ́, gbà á."

Mo tẹ ojú àpótí, mo ní kó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ló bá wọlé.

"Ìyá Sádíà, mi ò sùn o. Màálù ló já sọ́nà, mo yà fún un. Mò ń gbọ́ ọkọ̀ lókè, kò sẹ́ni tó dúró. Ẹ mú mi lọ ulé."

Sádíkù gbé orí lé ọwọ́, ó ń sunkún bí ọmọdé.

A gbé àpótí náà lọ bá ọ̀gá. Ó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀, mo sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. "Ta lẹ ti sọ fún?" Ìyẹn nìkan ló bi wá. Kò béèrè bí ọkùnrin náà ṣe pẹ́ tó nínú kòtò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ní kí wọ́n tú gbogbo àpótí kúrò nínú ọkọ̀, ó ní wọ́n ń jẹ bátìrì. Ó tì wọ́n mọ́lé, ó sì lé mi lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ó dáa, à ń wò ó.

Mo lọ bá Ìyá Sádíà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Àpótí ò sí lọ́wọ́ mi mọ́, Ìyá Sádíà."

Ó wò mí bí ẹni tó wá fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di Jímọ̀, ó lọ wọ ọkọ̀ Sádíkù ní gáréèjì, ó jókòó síwájú, ó bá a dé Ìyìn. Láti ìgbà náà, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ohun tí Sádíkù sọ fún mi rèé, mo sì gbà á gbọ́. Àpótí ò sí nínú ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, ihò tí wọ́n yọ ọ́ nínú rẹ̀ nìkan ló kù. Bó bá dá kọjá níbẹ̀, ihò yẹn á dún tíì, tíì, ohùn á sì bi í pé, "Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi?" Bí Ìyá Sádíà bá wà nínú ọkọ̀, kò ní dún rárá. Ẹ́ńjìnnì nìkan lobìnrin náà ń gbọ́ lọ, tó ń gbọ́ bọ̀. Ẹ má bi mí nídìí rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí, mo gbọ́ pé ọ̀gá yẹn ti ń wá ẹni tó máa ra àwọn àpótí náà sínú ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ iléèwé. Bí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ ọmọ yín, ẹ lọ béèrè, ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi dá yín lóhùn: ohùn ta ni wọ́n ní kó má gbọ́?