Télọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Ránṣọ

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2023 ni òfin tuntun kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú òkèèrè tí à ń gbé: bí àjèjì bá gba físà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọkọ tàbí ìyàwó tó tẹ̀ lé e wá lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ náà. Mo ka ọjọ́ yẹn nínú ìwé òfin fúnra rẹ̀, mo sì tún pe ọ́fíìsì tó ń mójú tó o, nítorí ìròyìn tó bá dùn jù, ó yẹ kéèyàn tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n bá òun kí gbogbo àwọn tọ́rọ̀ kàn kú oríire.

Inú bọ́ọ̀sì ni ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti gbọ́ ọ, níbi tó ti ń mú ọmọbìnrin rẹ̀ lọ sílé ìwé. Obìnrin kan tó jókòó níwájú wọn pariwo ayọ̀, ó ń pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. Òun kò pariwo. Ó so okùn bàtà ọmọ rẹ̀ tó tú, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀.

Kó tó kúrò nílé, Ọ̀gá Télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní máṣínnì, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ tí ń sáré bí wọ́n bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀. Ṣòkòtò ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ tí mo pè sọ fún mi pé ṣòkòtò rẹ̀ kì í fa èèyàn nídìí, kì í sì í tú lójú ọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ṣì ń wọ èyí tó rán fún òun nígbà ìgbéyàwó, àfi pé ikùn òun ti kọ̀ kí bọ́tìnnì pa dé.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ilé ìwòsàn kan lókè òkun gbà á síṣẹ́, ìdílé méjèèjì ní kí tọkọtaya má pín yà. Wọ́n ta máṣínnì, wọ́n dá ṣọ́ọ̀bù pa dà fún onílé, wọ́n sì gbé ọmọ lọ́wọ́. Lára físà ọkọ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan. Ó kà á. Ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ “Má ṣe tọ̀ síbí” sára ògiri ni.

Yàrá méjì ni wọ́n gbà, lókè kẹta. Fèrèsé kan wà tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé mìíràn, nítorí náà páìpù omi àti aṣọ ìnura àwọn ẹlòmíràn ni ohun tó ń rí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ á lọ síbi iṣẹ́, òun á gbálẹ̀, á fọ abọ́, á di irun ọmọ. Irun tó kọ́kọ́ dì, ó ní ṣe ló dà bí ilẹ̀ tí adìyẹ tan. Awakọ̀ kan tó ń gbé nísàlẹ̀, tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, ló sọ ọ́ lórúkọ tuntun.

“Ọkọ Nọ́ọ̀sì! Kí lẹ sè sílẹ̀ fún màdáámù lónìí?”

“Ẹ gòkè wá wò ó, tí ìyàwó yín bá fún yín láyè.”

“Àbí kí n bá yín ra ápírọ́ọ̀nù?”

“Bí ẹ bá rà á, màá tún un rán. Àwọn ará ibí ò mọ aṣọ gé.”

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyàwó awakọ̀ sọ fún mi pé ẹ̀rín ọkùnrin náà kì í dénú. Bí ó bá fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, ìyàwó rẹ̀ ló máa fún un lówó ọkọ̀. Kò bèèrè rí. Obìnrin náà ló ń fi í sápò aṣọ rẹ̀ kó tó jí, àwọn méjèèjì á sì ṣe bí ẹni pé owó náà ti wà níbẹ̀ láti àná.

Nísàlẹ̀ òpópónà wọn ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Lọ́ńdìrì wà. Ìyá yìí ti pẹ́ ní ìlú náà débi pé àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ èdè rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin yìí lọ gba aṣọ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ṣòkòtò kan lórí ìkọ́, tí etí rẹ̀ wọ́ bí ẹnu ẹni tó ń sunkún.

“Ìyá, ta ló pa ṣòkòtò yìí?”

“Èmi ni, ọmọ mi. Ẹni tó ń bá mi tún aṣọ ṣe ti lọ. Àbí ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe ni?”

“Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ níbí.”

“Ta ló ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́? Ṣé mo ní mo fẹ́ sanwó ni? Jókòó, kó o fọwọ́ ẹ ṣeré.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bó bá ti mú ọmọ dé ilé ìwé, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń gbà lọ, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n fi ọ̀rá bò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù ńlá tó ń fẹ́ ooru bí ẹni tí inú ń bí. Sípù tó bàjẹ́, ìbàdí tó fún, etí ṣòkòtò tó gùn jù, gbogbo ẹ̀ ló ń tún ṣe. Kò gba kọ́bọ̀. Mo bi òun, mo bi Ìyá Lọ́ńdìrì, mo tún bi ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ọkọ kò sí nítòsí, torí mi ò tètè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ. Síwẹ́tà kan tí oníbàárà gbàgbé ni ìyá náà fún ọmọ rẹ̀ lásìkò òtútù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú orí ọkùnrin náà, ohun tí kò mú owó wá kì í ṣe iṣẹ́. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ lòfin ṣe rí. Ìyàwó rẹ̀ ní òun kìlọ̀ fún un, pé òun sọ pé, “Dádì, ẹ jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.” Ọkọ ní kò sọ bẹ́ẹ̀, pé ohun tó sọ ni pé, “Ojú yín ti ń dán.” Ó ṣeé ṣe kó sọ méjèèjì.

Ohun kan tún wà. Gbogbo aṣọ tó bá fọwọ́ kàn ló máa ń fi àmì sí lábẹ́ ìbàdí, níbi tí ojú kò tó: òwú yẹ́lò, tí abẹ́rẹ́ gún lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, tó là bí ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló fún un lọ́jọ́ tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kí aṣọ tó bá tú lè mọ ọ̀nà ilé ẹni tó rán an. Ọ̀gá náà sì kìlọ̀ fún wọn: ẹni tó bá sẹ́ àmì rẹ̀, ọwọ́ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló sẹ́. Ìyá Lọ́ńdìrì rí òwú yẹ́lò náà, ó ní kó yéé kọ orúkọ rẹ̀ sára aṣọ aláṣọ. Ọkùnrin náà ní, “Ìyá, tí mi ò bá ṣe é, aṣọ náà ò tíì parí.”

Àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejì, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré kí òfin tuntun bẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Kì í ṣe tìtorí télọ̀ yìí ni wọ́n ṣe wá. Gbogbo lọ́ńdìrì tó wà lójú pópó yẹn ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Wọ́n bá a níbi tó jókòó sí.

“Ta nìyí?” Obìnrin náà ló bèèrè.

“Ẹbí mi ni,” Ìyá Lọ́ńdìrì ní. “Ó wá kí mi.”

“Tòun ti téèpù lọ́rùn?”

“Bó ṣe máa ń múra nìyẹn.”

Òṣìṣẹ́ ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣòkòtò kan lórí ìkọ́, ó yí ìbàdí rẹ̀ síta. Ó mú òmíràn. Ó mú ìkẹta. Ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹ́lò wà lára gbogbo wọn.

“Ta ló ṣe àwọn nǹkan yìí?”

“Bí wọ́n ṣe kó wọn wá nìyẹn,” Ìyá ní. “Láti ilé iṣẹ́ tó rán wọn ni. Máṣínnì ló ń ṣe irú ẹ̀.”

Obìnrin náà tún wò ó, ó mi orí, ó dá ṣòkòtò náà pa dà sórí ìkọ́. Ìyá Lọ́ńdìrì búra fún mi pé wọ́n ti fẹ́ máa lọ, pé òṣìṣẹ́ ọkùnrin náà ti di ilẹ̀kùn mú. Ibẹ̀ ni télọ̀ náà ti dìde.

“Máṣínnì kọ́,” ó ní. “Ọwọ́ ni. Èmi ni mo ṣe é.”

Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ tán tí wọ́n sì jáde, ìyá náà ká ọwọ́ lérí.

“Ọmọ mi! Àwọn èèyàn tó ti ń lọ! Kí ló dé?”

“Ìyá, ẹ pe ọwọ́ mi ní máṣínnì.”

Bí ìyá náà ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà pé ìgbéraga ni. Ó ní ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, pé ẹni tó ti ń fara pa mọ́ sáàárín aṣọ aláṣọ láti ọjọ́ yìí wá, ó lè kàn fẹ́ kí wọ́n rí òun. Mo bi ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ kí n sọ?” Mi ò mọ èwo ni òótọ́ nínú ẹ̀.

Wọ́n ṣàlàyé òfin àtijọ́ fún un dáadáa lẹ́yìn náà. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá gbowó ṣe, bí èèyàn bá tiẹ̀ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ló ń jẹ́. Wọ́n tún bèèrè ọ̀rọ̀ síwẹ́tà ọmọ. N kò lè pe òfin náà ní òmùgọ̀, torí ẹnì kan wà níbì kan tí ìbá jókòó sórí àga yẹn kó sì gbowó oṣù. Wọ́n bu owó ìtanràn lé Ìyá Lọ́ńdìrì, ó san án, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Télọ̀ tuntun ti wà níbẹ̀. Ìyàwó onímọ̀ ẹ̀rọ kan ni, àjèjì bíi ti wa. Òfin tuntun ló fún un láyè.

Nínú oṣù kẹta náà, tọkọtaya yìí lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì kò sọ̀rọ̀ burúkú sí wọn. Ó wo orúkọ ọkọ, ó sì wo ojú rẹ̀.

“Òfin tuntun kò kan ẹni tó bá ti rú ti àtijọ́.”

“Èyí tí ẹ ti fagi lé?” Nọ́ọ̀sì ló bèèrè.

“Wọn ò tíì fagi lé e lọ́jọ́ tí wọ́n bá a níbẹ̀.”

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù nígbà yẹn?”

“Màdáámù, èmi kọ́ ni mo ṣe kàlẹ́ńdà.”

Wọ́n gba lọ́yà. Lọ́yà kọ̀wé, ọ́fíìsì náà fèsì, ó tún kọ̀wé, wọ́n tún fèsì. Níkẹyìn, wọ́n ní àwọn kò ní tún físà ọkùnrin náà ṣe, kó máa lọ, kó má sì bèèrè òmíràn fún ọdún díẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè dúró. Ọmọ náà lè dúró. Òun nìkan ni wọn ò fẹ́.

Àwọn èèyàn ń bèèrè ìdí tí gbogbo wọn kò fi jọ pa dà. Èmi náà bèèrè. Owó oṣù obìnrin yìí ló ń ra oògùn ìyá ọkọ rẹ̀, òun náà ni àwọn òbí tirẹ̀ fi ń jẹun. Ó sì ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní fi ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ kí àkókò tó pé. Nílé, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti fọ́n ká. Èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú wọn ń fi ọ̀kadà gbéèrò. Ilé ò gbà á, ọ̀nà ò gbà á.

Ìyàwó awakọ̀ ti gbà láti máa mú ọmọ náà lọ sílé ìwé pẹ̀lú tirẹ̀. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ tí èsì náà ti dé, kò pe ọkùnrin náà ní Ọkọ Nọ́ọ̀sì mọ́, Ọ̀gá Télọ̀ ló ń pè é, ó sì ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ bó bá ń kí i. Ọkùnrin náà ní ìyẹn ló dun òun jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀, mo bá wọn nílé. Àpótí rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó jókòó ti tábìlì oúnjẹ, ó ń fi ọwọ́ rán síkẹ́ẹ̀tì ilé ìwé tuntun fún ọmọ rẹ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé. Kò tíì bọ́ bàtà tí ọkùnrin náà fi pè é.

“Wá wo ibí. Mo ká etí ẹ̀ sínú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tí ọmọ bá ga, tú ìlà àkọ́kọ́ yìí, kó o fi áyọ́ọ̀nù nà án. Má fà á. Abẹ́ ló ti máa ń tú.”

“Tó bá tún ga ńkọ́?”

“Tú ìkejì.”

“Tí ìkẹta bá tán ńkọ́, Dádì?”

“Nígbà yẹn, á ti dàgbà tó ẹni tó ń sọ pé aṣọ tí bàbá òun rán ò bóde mu.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀. Ó gba síkẹ́ẹ̀tì náà, ó gbé e sókè síbi fèrèsé, ó ka àwọn ìlà etí rẹ̀ pẹ̀lú ìka. Lẹ́yìn náà ló yí ìbàdí rẹ̀ síta. Ó wo apá kan, ó yí i, ó wo apá kejì. Ọkùnrin náà ti ń ká téèpù rẹ̀ mọ́ ìka ọwọ́. Kò gbójú sókè.

“Dádì,” ó ní, “àmì yín dà?”