Gèèmù Tí Kò Yọ Àwòrán, àti Òfin Tí Mo Ṣe

Orí mi kì í tètè gbóná. Bí ìyàwó mi bá gbọ́ gbólóhùn yìí, á rẹ́rìn-ín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: orí mi máa ń gbóná, ṣùgbọ́n ó máa ń nídìí. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, ìdí náà jókòó sórí tábìlì ní pálọ̀ wa ní Karu. Ó dúdú, ó pẹlẹbẹ, iná kékeré tó wà níwájú rẹ̀ sì ń tàn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rọ gèèmù ni. Ó ń kùn, atẹ́gùn gbígbóná ń jáde lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n tí a so ó mọ́ kò fi nǹkan kan hàn ju òkùnkùn lọ.

Ọmọbìnrin mi ló ni ín, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹyọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé inú rẹ̀ ló wà, ní apá Kwali, ó wá sílé fún ìsinmi àárín táàmù. Ọjọ́bọ̀ ló dé, ó sì gbọ́dọ̀ padà lọ́jọ́ Àìkú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Láàárín ọjọ́ mélòó kan yẹn, èmi àti ẹ̀ máa ń gbá bọ́ọ̀lù orí gèèmù. Kì í ṣe eré lásán lójú tèmi. Èmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Bí mo bá béèrè pé báwo ni ilé-ìwé, á ní ó dáa, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, tí kálukú mú páàdì tirẹ̀ lọ́wọ́, a máa ń pariwo, a máa ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, á máa fi èjìká tì mí bí mo bá ti fẹ́ gbá góòlù wọlé. Bí gèèmù yẹn kò bá ṣiṣẹ́, ọmọ mi á padà sílé-ìwé láìjẹ́ pé mo rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé kan náà la jọ wà.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà Kérésìmesì tó kọjá, a lọ kí ìyá mi ní Èkìtì. Màmá bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀ títí, ọmọ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí. Gbogbo rẹ̀ ló yé e, kò kàn lè dá a lóhùn ni. Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, “Ọmọ rẹ dára, ó lẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí àlejò ló ṣe rí sí mi.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Kí a tó dé Lọ́kọ́jà ni mo ti ṣòfin nínú mọ́tò: láti òní lọ, nínú ilé wa àti nínú mọ́tò wa, Yorùbá nìkan. Ẹni tó bá sọ Gẹ̀ẹ́sì á gbé páàdì sílẹ̀, kò ní gbá gèèmù mọ́ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi ní òfin náà ti le jù. Mo ní òfin tí kò bá le, àbá ni wọ́n ń pè é.

Ọmọ náà gbà. Láti ìgbà náà ló ti dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èmi sì ka ìyẹn sí pé ó ń dàgbà.

Lọ́jọ́bọ̀ tó dé, a jókòó nídìí oúnjẹ. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó ní, “Daddy, in my hostel…”

Mo na ìka kan sókè. “Yorùbá.”

Ó wo àwo rẹ̀. “Nínú hostel wa, sà… wọ́n…” Ó dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Nígbà tó pẹ́, ó mi orí. “Kò sí nǹkan, sà.”

Mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kó sú u, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Inú mi tilẹ̀ dùn pé òfin mi ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, tí mo pẹ́ jáde síbi iṣẹ́, ó sùn di aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó pè mí, ó ní, “Daddy, ẹ wá wo ọmọ yìí. Ó ń sùn bí ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀dì láti oṣù kan.” Mo ní ọmọ tó ń dàgbà kì í kórìíra oorun.

Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, a tan gèèmù, kò sì yọ àwòrán. Ó yẹ kí n ti sọ pé tẹlifíṣọ̀n ti yàtọ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ padà sílé-ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, iná dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó sì jó tẹlifíṣọ̀n ńlá wa. A wá gbé kékeré àtijọ́ tó wà ní yàrá wa síta láti dí àyè rẹ̀. Ó ń fi ìròyìn hàn, ó ń fi wàásù hàn, kò ṣẹ̀ wá rí. Mo ní kí ọmọ fara balẹ̀, pé tó bá di Sátidé tí mi ò lọ síbi iṣẹ́ kan, màá yanjú rẹ̀.

Sátidé dé. Mo tú wáyà, mo tún un so. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, mo fi etí aṣọ nù ún. Mo yọ wáyà tó wà lára dìkódà, mo fi ìyẹn dán an wò. Mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo mú rìmóòtù, mo tẹ gbogbo nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀, títí kan àwọn tí mi ò mọ iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ tí a ti rà á. Mo gbá ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n bí wọ́n ṣe máa ń gbá rédíò bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òkùnkùn náà kò yí padà. Ọmọ mi jókòó sí apá àga, ó ń wò mí. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan, ó na ọwọ́ sí bọ́tìnnì tó wà níwájú gèèmù. Mo ní, “Má fọwọ́ kàn án, iná lè gbé ẹ.” Ó padà jókòó.

Ní ọ̀sán, mo gbé gèèmù lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, ọmọ Kabba ni, kò jìnnà sí wa. Ó kí mi ní èdè Hausa, “Sànnu, ọ̀gá, ẹ gbé e wá.” Ó so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà tó wà lára ògiri rẹ̀. Kí n tó jókòó, àwòrán ti yọ, orin ti ń dún.

“Ọ̀gá, nothing do am o,” ló wí. “TV yín ni.”

Mo gbé e padà sílé, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa. Òkùnkùn. Mo bú tẹlifíṣọ̀n náà tán, mo gbé e sínú mọ́tò, mo tún gbé gèèmù tẹ̀ lé e, mo padà lọ bá ọmọ Kabba. Ó so dìkódà tirẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa, wọ́n ń ka ìròyìn lórí rẹ̀ ketekete.

“TV yín ò lẹ́bi o, ọ̀gá.”

“Ó dáa, so àwọn méjèèjì pọ̀.”

Ó so wọ́n pọ̀. Òkùnkùn. Ó fọwọ́ nu orí, ó ní, “Kai.” Ó ní àfi kí n fi wọ́n sílẹ̀ títí di Monday, kí òun tú inú wọn wò dáadáa.

Monday. Ní iléeṣẹ́ ìjọba tí mo ti ń ṣiṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ bá le, a máa ń gbé fáìlì rẹ̀ láti orí tábìlì kan dé òmíràn títí yóò fi rẹ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó ni fáìlì nìyẹn. Gèèmù dára, tẹlifíṣọ̀n dára, wọn kò kàn lè gbé ilé kan náà ni, bíi tọkọtaya mìíràn. Mo gbé àwọn méjèèjì padà wálé. Ọrùn ń dùn mí, inú ń bí mi sí ẹni tí mi ò mọ̀.

Ìyàwó mi ń dín ata tí ọmọ máa gbé lọ sílé-ìwé. Ó yọjú láti ilé ìdáná, ó ní, “Daddy, ó ní òun mọ ohun tó ṣe é.”

“Kó wá sọ ọ́ nígbà náà.”

Ọmọ mi wá dúró síwájú mi, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. “Daddy, ẹ máa tẹ̀ ẹ́… ẹ má yọ ọwọ́… torí TV ńlá yẹn, ó… ó ṣì…”

“Ó ṣì kí ni? Mo ti tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀ lára rẹ̀.”

“Rárá, sà. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí…”

Ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní parọ́, mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní, “Bí o kò bá lè sọ ọ́ kó yé èèyàn, fi mí sílẹ̀ jàre.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà,” ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá gbá ilẹ̀kùn náà mọ́ mi, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ku wákàtí kan ká gbéra. Mo bọ́ agbádá, mo tún lọ kúnlẹ̀ síwájú gèèmù náà, àdúrà tí mi ò gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbà níbẹ̀. Ìyàwó mi gbé kúlà oúnjẹ kalẹ̀ sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ní, “Daddy, ẹ gbé òfin yín sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí sọ̀rọ̀.”

Mi ò ní agbára àríyànjiyàn mọ́. Mo pè é. “Ó yá, sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.”

“I won't drop the pad?”

“O ò ní gbé e sílẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ bẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ. Ó ní gèèmù náà kò mọ̀ pé a ti pààrọ̀ tẹlifíṣọ̀n. Ó ní ìwọ̀n àwòrán tó bá tẹlifíṣọ̀n ńlá mu ló ṣì ń gbé jáde, èyí sì ju agbára kékeré yìí lọ. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni kí a pa á pátápátá, kí a wá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìyọ ọwọ́, títí yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ojú rẹ̀ ń dán. Mi ò tíì rí ọmọ yìí láti Kérésìmesì.

Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún. Ọwọ́ mi ti ń yún mi, ṣùgbọ́n kò yọ ọwọ́ tirẹ̀. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi wáyà so páàdì mọ́ ọn, àwòrán sì yọ sójú tẹlifíṣọ̀n kékeré náà. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú méjì.

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Láti Friday, sà.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ ní Yorùbá.”

Níbi iṣẹ́, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ojú tì mí. A gbá ìdíje kan ṣoṣo, ó jẹ mí ní góòlù mẹ́ta sí òdo, kò sì fi èjìká tì mí. Èmi náà kò pariwo. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni ìdí oúnjẹ Ọjọ́bọ̀, àti ṣíbí tó gbé sílẹ̀.

Èmi àti ẹ̀ nìkan la wà nínú mọ́tò nígbà tí a ń lọ. A kọjá Gwagwalada. Mo ní, “O fẹ́ sọ nǹkan fún mi lọ́jọ́ tí o dé, nípa hostel yín. Sọ ọ́ ní èdè tó bá wù ẹ́.”

Ó sọ ọ́ fún mi, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní ohùn jẹ́jẹ́. Sẹ́níọ̀ kan ti gba fóòmù tó fi ń sùn, ó gbé e lé orí tirẹ̀. Orí pákó bẹ́ẹ̀dì ni ọmọ mi ń sùn, aṣọ ìbora ló ń tẹ́. Ọ̀rẹ́ sẹ́níọ̀ náà ni olórí yàrá wọn, nítorí náà kò rẹ́ni fẹjọ́ sùn. Ó ní ìdí tí òun fi ń ka ọjọ́ tí a máa gba ìsinmi nìyẹn, kí òun lè sọ fún mi.

Èmi tí mo ṣòfin, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. “Since when?”

“Ó ti gbà á lọ́wọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ kejì tí a wọlé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á padà.”

Yorùbá rẹ̀ já gaara, kò kọsẹ̀ níbì kankan. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ láti Ọjọ́bọ̀.