Omi ewé tí mo dà nù

Ìmọ́tótó mi ló pa ẹja lónìí.

Ọmọ-ọmọ mi tó wà ní yunifásítì gbé abọ́ ọmọ ẹja méjì wá sílé wa l'Ágége. Omi ọ̀kan mọ́ gaara. Èkejì pọ́n bí àgbo, ewé ló rà sínú rẹ̀. Ó ní kí n da fàdákà tó kúnná ju àtíkè lọ sínú méjèèjì lọ́sàn-án. Àánú ẹja ṣe mí, mo kọ́kọ́ fi omi tó mọ́ pààrọ̀ èyí tó pọ́n, kí n tó da fàdákà náà sínú méjèèjì.

Gbogbo wọn kú.

"Màmá, ẹ ti pa mí! Omi ewé yẹn ni kò ní jẹ́ kí fàdákà pa wọ́n. Próójẹ́ẹ̀tì mi nìyẹn!"

"Ìdọ̀tí ló ń gba ẹja là?"

Ẹkún ló fi dáhùn.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà nílé o. Ó ti rẹ̀ mí.

Ẹ̀yin ìyá, ta nínú yín ni ìbá fi omi yẹn sílẹ̀?