Oyè Ara Géètì Mi

Ládùúgbò wa ní Trans-Nkisi, l'Ónítshà, gbogbo géètì ló ní oyè lára: Ẹnjiníà níhìn-ín, Lọ́yà lọ́hùn-ún. Tèmi nìkan ló wà lásán. Ara mi ò gbà á. Ṣebí "sà" ni wọ́n ń pè mí ní báǹkì? Mo bá kọ "Sir" gàdàgbà síwájú orúkọ mi. Èmi ọmọ Ìwó, níbo ni mo ti fẹ́ mọ̀ pé ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù bá fi joyè ìjọ, tó sì fún ní idà, nìkan ló ń kọ ọ́ l'Ónítshà? Lọ́jọ́ Jímọ̀, aládùúgbò mi tó ti gba oyè tiẹ̀ lọ́wọ́ bíṣọ́ọ̀bù wá kí mi kú oríire. Ó ní òun fẹ́ rí idà mi. Búta àlùwàlá ló wà lọ́wọ́ mi.