Orúkọ Tí Màmá Fi Ń Pè Mí

Mo rántí òórùn ilé yẹn dáadáa: kọfí àná, ìpara ẹsẹ̀ àti ìwé tó ti gbó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn nígbà náà ni, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ háyà yàrá kan ní New Carrollton, ní Amẹ́ríkà. Láràárọ̀, kí n tó lọ sí kíláàsì, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin metro lọ sí Cheverly láti tọ́jú ìyá àgbàlagbà kan tó jẹ́ Júù. Màmá ni mo ń pè wọ́n. Mo mọ oògùn wọn, mo mọ bí tíì wọn ṣe ń gbóná tó, mo wá rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀.

Àwòrán kan wà lórí tábìlì wọn, ọmọbìnrin kékeré méjì nínú kóòtù. Màmá ni ẹ̀gbọ́n. Àbúrò wọn wà lára àwọn Júù ìlú wọn tí àwọn ọmọ ogun Násì ti Jámánì kó lọ sí etí igbó lọ́jọ́ kan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n yìnbọn pa gbogbo wọn. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó ìwé ìrántí àwọn òkú náà jọ sí fẹ́ gba ohùn Màmá sílẹ̀, nítorí orúkọ àbúrò yìí kò sí nínú ìwé kankan, kò sì sí lára òkúta ìrántí. Màmá nìkan ló kù láyé tó mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti wo àwòrán yẹn, ẹkún ni. Nílé wa, a kì í gbé àwòrán ọmọ tó kú síwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, a kì í sì í bi í léèrè. Ẹ̀gbọ́n mi náà sọ pé, “Please, gbé picture yẹn kúrò ńbẹ̀. Ṣé o fẹ́ kí BP wọn ga ni?” Ni mo bá tì í sí abẹ́ aṣọ nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkùnrin náà pè, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní Màmá ń sùn. Inú mi sì ń dùn, mo pe ara mi ní ọmọ tó gbẹ̀kọ́.

Nígbà tó yá, ọkùnrin náà wá fúnra rẹ̀. Ó béèrè orúkọ náà. Màmá la ẹnu, wọ́n pa á dé. Mo sáré lọ gbé àwòrán wá. Wọ́n fi àtàǹpàkò nu ojú ọmọ náà títí.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni wọ́n sọ. “Mo mọ̀ ọ́n lánàá.”

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Èmi ni mo nu omijé Màmá, tí mo nu ìríran mọ́ ọn. Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí n ó wò.

Ìgbà náà ni mo rántí pé ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí Màmá ti ń fi orúkọ kan pè mí, bí mo bá ń so bàtà wọn, orúkọ tí kì í ṣe tèmi. Mo ń jẹ́ ẹ, torí nílẹ̀ wa, àgbà lè sọ ọmọdé lórúkọ tó bá wù ú. Mo sọ ọ́ fún ọkùnrin náà. Ó bi Màmá bóyá orúkọ àbúrò wọn nìyẹn. Màmá rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Màmá ti kú báyìí. Orúkọ yẹn wà nínú ìwé, wọ́n fi àmì ìbéèrè sí i nídìí. Ó lè jẹ́ ti àbúrò wọn lóòótọ́, ó lè jẹ́ ti ọmọ àdúgbò kan, ó sì lè jẹ́ ti ológbò wọn. Mo máa ń dá pè é ní kíṣìnì nígbà míì, kò yé mi síbẹ̀. Èyí tó dá mi lójú kò ju ẹyọ kan lọ: èmi ni mo fi àmì ìbéèrè yẹn síbẹ̀.