Oògùn Ẹnu Ẹja

Òórùn oògùn ló bí mi nínú. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò ní bínú lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nítorí dókítà ti kìlọ̀ fún mi lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ti dé fìlà òtútù mi, mo ń rìn jẹ́jẹ́ lẹ́bàá odò Roding lókè Barking, ní London níbí, bí àgbàlagbà tó ní làákàyè. Ni mo bá rí òyìnbó kan ní bèbè odò. Ó jókòó sórí àga tó ṣeé ká, ó pa àgọ́, ó gbé tíì kaná, ó sì so aago kékeré kan mọ́ ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ tó máa ń ké bí ẹja bá kan okùn. Nílé wa, ìka ọwọ́ ni aago. Mo kàn dúró wòran.

Aago náà ké lójú mi. Ọkùnrin náà dìde, ó fà á síwá, ẹja ń fà á sẹ́yìn, títí ó fi fi àwọ̀n gbé e jáde, tó sì tẹ́ ẹ sórí fóòmù bí ẹni ń tẹ́ ọmọ ìkókó. Ẹja ńlá ni. Ètè rẹ̀ nípọn, ó ń la ẹnu ó ń pa á dé bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Èmi ti ń gé àlùbọ́sà sí i lọ́kàn mi. Àṣé kò fẹ́ pa á. Ó tú àpò rẹ̀, ó yọ ìgò oògùn kékeré kan, ó sì rọra fi òwú tọ́ oògùn náà sí ibi tí ìwọ̀ ti gún ẹja létè. Òórùn oògùn náà lọ sókè sí mi nímú. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu ko ẹja lórí, ó dá a padà sínú odò.

Ó gbójú sókè, ó rí mi. "You all right, love?"

Mo ní ara mi le. Irọ́ ni mo pa. Inú ń bí mi débi pé bí ọkùnrin náà bá tún bá mi sọ̀rọ̀, mo lè gbá àga rẹ̀ sómi.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí a bí sí Dagenham níbí, ẹ ó ní kí ló wá bí màmá yìí nínú? Ṣebí ojú àánú ni ọkùnrin yẹn fi wo ẹja. Ẹ fara balẹ̀. Wọ́n ní ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ní abúlé wa ní apá Ìjẹ̀bú, odò kan wà tí òkúta pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹja kan sì wà nínú odò náà tí àwa ọmọdé ń pè ní elétè, nítorí pé ètè ló fi ń jẹun. Kì í gé nǹkan jẹ. Á gbé ẹnu lé ara òkúta, á máa mu ewédò tó wà lára rẹ̀ bí ẹni ń lá ọbẹ̀ lára ṣíbí. Ó máa ń tóbi tó apá àgbàlagbà, ẹran ara rẹ̀ sì dùn ju ẹran àgbò lọ. Àwọn ọkùnrin tó ní ọkọ̀ ojú omi kì í rí i pa, nítorí ó ń gbọ́ ìró àjẹ̀. Láti bèbè la ti ń pa á, lórí òkúta, pẹ̀lú sùúrù, ìdí nìyẹn tó fi di iṣẹ́ àwa ọmọbìnrin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àjọkẹ́ ló kọ́ mi. Ẹgbẹ́ ni wá, àárín ilé wa àti tiwọn kò ju ìdí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lọ. Eyín rẹ̀ ní àlàfo níwájú, àlàfo náà ló máa ń gbà bú ẹja. Ẹ̀kọ ìyá rẹ̀ ló ń jí pò mọ́ amọ̀ tó fi ń ṣe ìjẹ, ìyá rẹ̀ á sì máa pariwo káàkiri agboolé pé eku ilé yìí ti ya aláìlójútì, eku tó mọ ewé ẹ̀kọ tú! Bí a bá dé ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, tíṣà á yọ́ wá sẹ́yìn wa, á fi imú fa òórùn ẹja lára wa, á ní kí àwọn apẹja lọ jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di onífèrèsé títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí.

Elétè kì í fa okùn bí ẹja yòókù. Ńṣe ló máa ń tọ́ ìjẹ wò, tí wàá mọ̀ ọ́n lára ìka bí ìgbà tí kòkòrò bá gba orí rẹ̀ kọjá. Bí o bá fà á nígbà yẹn, o ti pàdánù rẹ̀. "Má tíì fà," Àjọkẹ́ á máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí. "Má tíì fà o, ìwọ ọmọ yìí." Ìgbà tí okùn bá dẹ̀ lójijì, tó dà bí ẹni pé ẹja ti lọ, ìgbà yẹn gan-an ni ìjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà yẹn là ń fà.

Elétè kan wà tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, àgbà ẹja. Àjọkẹ́ sọ ọ́ ní Baálẹ̀. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ni Baálẹ̀ fi ń mu ẹ̀kọ ẹlẹ́kọ tán lára ìwọ̀ Àjọkẹ́, tó sì ń lọ. Àjọkẹ́ á bú u, á bú ìyá rẹ̀, á tún kí i kú alẹ́ kí á tó lọ sílé. Àṣà abúlé wa ni pé ẹni tó bá gbé ẹja tó tóbi jù wálé, ì báà jẹ́ ọmọdé, òun ló ni orí rẹ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jẹun kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan àwo. Àjọkẹ́ fẹ́ jẹ orí yẹn ju bó ṣe fẹ́ jẹ ìrẹsì Kérésìmesì lọ. Ó ti ń sọ fún mi ibi tí òun máa jókòó sí lọ́jọ́ náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan la rí Bàbá Láńre, àgbẹ̀ kan lábúlé wa, tó gbé agolo oògùn kòkó, májèlé tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, léjìká, tó ń gba etí odò lọ sókè. Oko kòkó rẹ̀ kò sí lápá ibẹ̀. Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ kí i, ó dá wa lóhùn, ó kọjá.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹja ti bo ojú odò, inú wọn funfun síta. Àwọn ará abúlé tú jáde pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ń jó, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì! Títí di òní, bí mo bá rántí agogo yẹn, itọ́ kíkan ló máa ń wá sí mi lẹ́nu. Gbogbo imú tó wà lábúlé yẹn ló mọ òórùn oògùn kòkó. Ó wà lára ẹ̀wù oko bàbá gbogbo wa, òórùn náà sì wà lójú odò láàárọ̀ yẹn. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ebi kò pa wá. Iṣu wà, gààrí wà. Ọ̀kánjúà ni, wọ́n sì fi orin ìyìn bò ó mọ́lẹ̀.

Àjọkẹ́ ló kọ́kọ́ wọ odò, òun ló gbé Baálẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Kò yọ̀. "Èmi kọ́ ni mo pa á," ó ń sọ fún gbogbo èèyàn, "kò jẹ ìjẹ mi, èmi kọ́ ni mo pa á." Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Bàbá Láńre ló ń pín ẹja fún agboolé gbogbo, wọ́n ń pè é ní ọ̀làwọ́. Nígbà tí ọbẹ̀ jinná, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé orí ẹja náà sínú àwo Àjọkẹ́. Ó ní kó jẹ ẹ́, pé àṣà ni. Àjọkẹ́ wo ojú ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ mi orí pé kó jẹ ẹ́, ó sì jẹ ẹ́.

Kí oòrùn tó wọ̀, ajá ti ń ṣubú. Àwa ọmọdé ń bì, àwọn ìyá wa ń fún wa ní epo mu. Àjọkẹ́ ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ pa pọ̀, ìfófòó ń jáde láti àlàfo eyín yẹn. Kẹ̀kẹ́ Bàbá Láńre nìkan ló wà ní abúlé tó lè gbé e dé ibi tí dìsípẹ́ńsárì wà. Ọkùnrin náà ní rárá, pé Àjọkẹ́ ló kọ́kọ́ wọ odò, pé odò ló ń béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, ìwòsàn òyìnbó kò sì ran ọ̀ràn odò. Gbogbo wọn gbà. Àwọn tó lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ni wọ́n gbà pé odò ló fẹ́ mú ọmọ nírọ̀lẹ́! Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e dé dìsípẹ́ńsárì ni, àwọn olùtọ́jú ibẹ̀ ì bá béèrè ohun tó jẹ, àṣírí ọkùnrin náà ì bá sì tú. Kò sẹ́ni tó fi oògùn kan ètè ọmọ náà. Bó ṣe kú nìyẹn.

Ẹni tí odò bá mú, nílẹ̀ wa, a kì í sunkún rẹ̀ síta. Ìyá Àjọkẹ́ ki etí ìró bọ ẹnu, ó jókòó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí èmi náà pa ẹnu mi mọ́, mo sì pa á mọ́, mo gbé e gba orí òkun wá sí London, mo fi tọ́ ọmọ, mo fi ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó títí mo fi di arúgbó fúnra mi. Elétè kò sí lódò yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nísinsìnyí ni mo wá lè sọ ohun tó gbé mi lọ sétí odò Roding. Yétúndé ni. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa ní Dagenham, ọmọ dáadáa, òun ló máa ń fi mọ́tò gbé mi dé ilé mi ní Rippleside lẹ́yìn ìsìn. Ọmọ ọmọ Bàbá Láńre ni. Mo ti mọ̀ tipẹ́, iwájú orí ọkùnrin yẹn ló gbé wá sáyé, ṣùgbọ́n kí ni kí n wí?

Lọ́jọ́ ìsinmi tó ṣáájú, ó di ọwọ́ mi mú. "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, Children's Sunday ń bọ̀. Ẹ bá wa sọ story kan from back home. The big fish day! Grandma máa ń sọ ọ́ fún wa, pé odò kàn gbé ẹja jáde, Grandpa wá ń share ẹ̀ fún gbogbo abúlé. Something sweet, ma. The kids will love it."

Mo ní mo gbọ́. Kí n lè wá ìtàn dídùn mìíràn rò ni mo ṣe lọ rìn létí odò. Oògùn ẹnu ẹja ni mo bá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn ọmọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ tí a sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun. Mo sọ ti ètè ẹja fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo sọ ti eku tó mọ ewé ẹ̀kọ tú, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo sọ ìyókù. Mo ní "ọkùnrin kan", n kò dárúkọ.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. "Grandma, who was the man?"

Yétúndé dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwo bísíkíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, kò fura rárá. Mo mọ̀ ọ́n lára ìka mi pé okùn ti dẹ̀. Mo ti ń gbọ́ "má tíì fà" láti kékeré, ó tó gẹ́ẹ́. Mo dárúkọ Bàbá Láńre, mo pe orúkọ bàbá rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rín náà kúrò lójú Yétúndé díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìn, ó ṣì fi mọ́tò gbé mi. A gba gbogbo Ripple Road kọjá, ó tẹjú mọ́ títì, èmi náà gbójú síta, mo ní lọ́kàn mi pé kó sọ mí kalẹ̀ bó bá wù ú, n kò ní bẹ̀bẹ̀. Iwájú ilé mi ló tó dúró.

"Mummy," ó ní. "Grandpa kì í jẹ ẹja. Ever. Bí Grandma bá se é, ó máa dìde ni. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, we thought it was just his stomach."

Ó mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, ó mọ̀. Àṣegbé kan kò sí, àṣepamọ́ ló wà, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé èyí tù mí nínú. Ó tún mú kí inú bí mi sí i ni. Ọkùnrin tó mọ ohun tó wà nínú orí ẹja dáadáa tó bẹ́ẹ̀, tí kò jẹ́ jẹ ẹja mọ́ láyé, òun náà ló bu orí yẹn fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀pọ̀ nǹkan ló ti yí padà. Ẹ ò mọ ẹ̀kọ tí wọ́n fi ewé pọ́n, ẹja tiyín ń wá láti inú fìríìjì, níbí wọ́n sì ń fi oògùn tọ́ ẹnu ẹja. Bí àwọn àgbà bá ń sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn, òótọ́ ni, ó dùn. Ẹ ṣáà máa béèrè ẹni tó jẹ orí ẹja. Ohun tí kò yí padà ni pé Àjọkẹ́ ní àlàfo níwájú eyín, ó sì kọ́ mi bí a ṣe ń dúró de okùn.

"What was her name again, ma?" Yétúndé bi mí.

"Àjọkẹ́."

Ó pe orúkọ náà. Mo ní kó pa mọ́tò, kó sì yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀. A jókòó síbẹ̀ lójú ọ̀sán, àwọn èèyàn ń kọjá lọ sí ibùdókọ̀, a sì sunkún ọmọ náà síta.