Àpò Méjì Lára Aṣọ Ìkẹyìn Mọ́mì Purọ́fẹ́sọ̀

Télọ̀ ni mí. Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní Àkúrẹ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo kúrò níbẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kàwé títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé ayé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ìbídùnní Bísọ́dún ni, ọmọ Oǹdó, olùkọ́ ní yunifásítì. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àti ẹni tó ń gba orúkọ iṣẹ́. Àwa ará ọjà ń pè wọ́n ní Mọ́mì Purọ́fẹ́sọ̀. Wọ́n kú lóṣù tó kọjá. Ó dùn mí wọnú eegun. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí wọn, ẹ̀rín ni. Ẹ má bínú.

Àpò ló so wá pọ̀.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, Bọ̀dá Ọpẹ́olúwa. Mọ́mì sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n gbé áńkárá lé orí tábìlì, wọ́n ní kí ọ̀gá mi rán ìró àti bùbá, kó fi àpò sára ìró.

"Àpò kẹ̀? Mọ́mì, ìró kì í ní àpò."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọn kì í rán an bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ni wọ́n?"

Ọ̀gá mi bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé àwọn "wọ́n" náà jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ ju èmi àti Peculiar, ọmọbìnrin tí a jọ ń kọ́ṣẹ́.

Mọ́mì ní, "Agbádá bàbá mi ní àpò tó gba ọmọ ọwọ́. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta, ṣòkòtò rẹ̀ lápò. Kí ló ní tó fẹ́ kó sí i? Bisikíìtì! Èmi tí mo ní kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, tí mo ní fóònù, tí mo ní awò ojú àti ṣọ́ọ̀kì, ẹ ní kí n máa so wọ́n mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Àbí kí n kó wọn sáyà? Ọmú mi kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù."

Peculiar bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ní òun ò rán an. Ó ní lọ́jọ́ tí ìró bá ti lápò, obìnrin ò ní í gbọ́ràn mọ́. Mo ní èmi á rán an. Kì í ṣe ọgbọ́n o. Ebi ló ń pa mí.

Mo wọn Mọ́mì dáadáa. Àpò náà jìn, ó sì gún. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò bi wọ́n: apá ibo ni wọ́n ń ró ìró sí? Bí màmá mi ṣe ń ró tiwọn ni mo tẹ̀ lé. Mi ò mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni Mọ́mì, òdìkejì ni wọ́n ń ró tiwọn. Àpò lọ bọ́ sí ìdí.

Wọ́n ti ju fóònù sínú àpò kí wọ́n tó ró ìró náà. Ọjọ́ yẹn, wọ́n ní ìpàdé pẹ̀lú àwọn àgbà yunifásítì. Ọkùnrin mọ́kànlá, obìnrin kan. Bí wọ́n ṣe jókòó, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lábẹ́ wọn. Orin ìyìn sì ni. Alága ń wo òrùlé. Ẹlòmíì ń wo abẹ́ àga. Mọ́mì ò lè jókòó, wọn ò sì lè dìde.

Bí wọ́n ṣe yọjú sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, mo ti ń wá ibi tí màá gbà sá.

"Túndé, ṣé ìdí ni kí n máa fi sọ 'hẹ́lóò' ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìró fi tú. Wọ́n wá ní, "Lọ tún un rán. Lọ́jọ́ mìíràn, kí o bi mí. Ara mi ni. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di télọ̀ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá: "Ẹ bá wa fi àpò Purọ́fẹ́sọ̀ sí i." Kò pẹ́, ọ̀gá mi náà ń rán an. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé òun lòun dá a sílẹ̀.

Mọ́mì gbé mi lọ sí Bọ́lọ́rundúró lẹ́ẹ̀kan, kí n lọ wọn àwọn obìnrin oníkòkó tí Mọ́mì ń kọ̀wé nípa wọn. Wọ́n ní àwọn obìnrin yìí ló ń ro oko, orúkọ ọkùnrin ló wà nínú ìwé oko. Kí wọ́n kọ́kọ́ ní àpò ná, ìwé oko ń bọ̀. Ìyá kan ní kí àpò tòun gba àdá. Mo rán an. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó tún ń ṣe àríyànjiyàn ààlà oko pẹ̀lú ìyá náà.

Nígbà tí èmi àti Peculiar gba ṣọ́ọ̀bù tiwa, Mọ́mì dé bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo jókòó, tí mo gbé ẹsẹ̀ sókè. Peculiar ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

"Túndé, ìgbálẹ̀ ń bu ọkùnrin jẹ ni?"

"Rárá o, Mọ́mì. Wọ́n ní ọkùnrin kì í..." Mo gbé ẹnu dúró. Ó ti bọ́.

"Ta ni wọ́n?"

Mo gba ìgbálẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń pariwo sí mi láti ìta: "Ìyàwó Peculiar, ẹ kú iṣẹ́ o!" Mo gbá a tán. Títí dòní, Túsìdeè àti Tọ́sìdeè, èmi ni.

Ọdún yìí ni àìsàn dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Yéwándé ọmọ wọn dì wọ́n mú wá. Wọ́n ti rù. Wọ́n gbé aṣọ funfun kan sílẹ̀.

"Kàbà ni kí o fi rán. Òun ni màá wọ̀ lọ."

"Lọ síbo, Mọ́mì?"

"Má ṣe bí òmùgọ̀. Àpò méjì."

"Kí lẹ fẹ́ kó sí i?"

"Ọwọ́ mi. Ọdún méjìdínlógójì ló fi kọ̀wé. Bí obìnrin bá kú, wọ́n á ká ọwọ́ rẹ̀ pọ̀ sáyà nínú pósí bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ta ni mo ṣẹ̀? Kí wọ́n ki ọwọ́ mi bọ àpò, bí ọ̀gá."

Wọ́n ní kí n búra. Mo fi ẹnu kan sísọ́ọ̀sì. Ọmọ ìjọ ni mí, ṣùgbọ́n irin ni irin.

Nígbà tí wọ́n kú, Oǹdó, nílé bàbá wọn, ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n sí. Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú ni Yéwándé pè mí. Ó ní ẹ̀gbọ́n Mọ́mì, Yèyé Ọlọ́runfúnmi, ti gbọ́ nípa àpò. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni Yèyé. Wọ́n ní aṣọ òkú kì í lápò, òkú tó bá lápò á kó ire ilé lọ. Ó ní, "Bọ̀dá Túndé, ẹ bá mi tú u. Mi ò lágbára ìjà mọ́."

Mo mú abẹfẹ́lẹ́. Mo gbé e sílẹ̀. Mo tún un mú. Mo rántí sísọ́ọ̀sì. Mi ò tú u. Ẹnu àpò ni mo fi òwú funfun gán pa, kó má hàn. Olè ni mí lọ́jọ́ yẹn, mo gbà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ mọ́tò Oǹdó, mo gbé kàbà náà lé itan bí ọmọ. Yèyé jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé. Wọ́n gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́, mo sì ń dúpẹ́. Àṣé ìka ni wọ́n fi ń ríran. Wọ́n fọwọ́ ra apá ọ̀tún, wọ́n dúró. Wọ́n ra apá òsì.

"Kí lèyí?"

"Àpò ni, mà."

"Wọn ò sọ fún ẹ ni? Wọ́n ní òkú kì í lápò!"

Mi ò mọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Mo ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ kó tó bọ́.

"Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n?"

Yéwándé di ẹnu mú. Obìnrin kan ní, "Ha! Ọmọ yìí ti gbé e."

Èjìká Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó di ẹkún, ó tún di ẹ̀rín.

"Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn! Ọmọ ọdún mẹ́fà! Mo ní wọ́n ní kó má fọwọ́ òsì jẹun. 'Ta ni wọ́n?' Mo gbá a létí. Ó tún bi mí." Wọ́n nu ojú. "Mi ò rí èsì fún un títí ó fi kú." Wọ́n na ọwọ́ sí mi. "Mú abẹ wá."

Mo fún wọn. Wọ́n tẹ orí sún mọ́ aṣọ náà. Òwú tí mo fi gán ẹnu àpò ni wọ́n ń tú, díẹ̀díẹ̀, títí àpò méjèèjì fi ya ẹnu.

Bí Mọ́mì ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, ọwọ́ méjèèjì nínú àpò, bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò tó pẹ́. Pásítọ̀ wo inú pósí, ó wo Yèyé, ó ṣí Bíbélì rẹ̀. Bàbá kan lẹ́yìn mi ní, "Wọn kì í ṣe báyìí o." Mo fẹ́ bi í. Mo fi í sílẹ̀. Ìsìnkú ni.

Lẹ́yìn tí a sin Mọ́mì tán, Yèyé pè mí sínú yàrá. Wọ́n fa ìró àti bùbá funfun kan yọ nínú àpótí. Ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ń rùn káńfọ̀.

"Tèmi rèé. Fi méjì sí i. Kó jìn ju tiẹ̀ lọ, èmi ni ẹ̀gbọ́n."

Mo fa tépù yọ. Ojú mi ò ríran dáadáa, omi ti kún un. Mo wọn apá wọn. Mo tún un wọ̀n. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè:

"Yèyé, apá ibo lẹ máa ń ró ìró sí?"